Bí ìsédò márùn-ún ṣe dé àfonífojì odò Great Miami

Ní ọjọ́ Àjíǹde, 23 oṣù kẹta ọdún 1913, òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ mumi yó, kò lè gbà sí i mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, odò Great Miami ti bo òkìtì ilẹ̀ tí ará Dayton kó sí bèbè rẹ̀, ó sì ya wọ ìgboro. Àwọn èèyàn sá sórí àjà àti òrùlé. Páìpù gáàsì bẹ́, iná ń jó ilé láàárín omi. Ó lé ní 360 èèyàn tó kú ní àfonífojì náà.

Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ará ìlú ti ṣèlérí owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là kí irú àkúnya bẹ́ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. “Ẹ rántí ìlérí tí ẹ ṣe lórí àjà” ni wọ́n fi ń rọ ara wọn. Wọ́n gba onímọ̀ ẹ̀rọ Arthur Morgan síṣẹ́. Ìsédò, ìyẹn odi ńlá tó ń dá omi odò dúró, ló fẹ́ kọ́ sí apá òkè odò, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kan kò láṣẹ lórí ilẹ̀ èkejì, odò kò sì mọ ààlà. Òfin tí Gómìnà James Cox fọwọ́ sí ní 1914 ló la ọ̀nà, torí ó jẹ́ kí àjọ kan lè ní àṣẹ kọjá ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ apá òkè odò, tí omi yóò máa bo oko wọn, ta ko ètò náà gidigidi. Síbẹ̀, 1915 ni wọ́n dá àjọ Miami Conservancy District sílẹ̀.

Láàárín 1918 sí 1922, wọ́n mọ ìsédò márùn-ún: Germantown, Englewood, Lockington, Taylorsville àti Huffman. Omi ni wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ gba inú páìpù débẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́, amọ̀ kíkúnná rọ̀ sí àárín, ó sì le koko débi tí omi kò fi lè là á kọjá.

Ọgbọ́n tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ìsédò náà kò ní ìlẹ̀kùn kankan. Ihò kọnkéré wà ní ìdí ìsédò kọ̀ọ̀kan, odò sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Bí àkúnya bá dé, ìwọ̀n tí ojú odò nísàlẹ̀ lè gbà nìkan ni ihò náà ń jẹ́ kó kọjá. Ìyókù á dúró lórí pápá lẹ́yìn ìsédò, á sì máa fà díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jí lóru lọ ṣí nǹkan kan, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè gbàgbé. Morgan ṣe é kí ó lè gba omi ọdún 1913, kí ó tún gba ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lé e. Ó ti lé ní ìgbà 2,000 tí àwọn ìsédò náà ti dá omi dúró.

Àwọn onílé àti onílẹ̀ tí ìsédò ń dáàbò bò ló sanwó iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ará Osborn ló san èyí tó pọ̀ jù. Ibi tí omi Huffman yóò máa dúró sí ni ìlú wọn wà, nítorí náà wọ́n wọ́ ilé wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fairfield. Ní 1950, ìlú méjèèjì para pọ̀ di Fairborn.