Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ aṣojú?

Ìwé àṣẹ aṣojú, tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney, ni ìwé tí èèyàn fi ń sọ pé: "Ohun tí lágbájá bá ṣe lórúkọ mi, èmi ni mo ṣe é." Kò ju iṣẹ́ tí wọ́n rán ni lọ. Aṣojú kò ní agbára kankan tó jẹ́ tara rẹ̀. Ti ẹni tó rán an ló ń lò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n tí ọpọlọ ẹni tó ránṣẹ́ ò bá gbé e mọ́, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun rán ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ta ni ìránṣẹ́ ń jẹ́?

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ àgbàlagbà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí kò bá ní lè dá nǹkan ṣe mọ́. Tó bá jẹ́ ìwé àṣẹ aṣojú lásán ni, lábẹ́ òfin àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ náà gan-an ni ìwé ń kú. Agboòrùn tó ń pa ara rẹ̀ dé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni. Èyí tó tún ń múni bínú ni ti àwọn tó ń gbé e lọ sí báńkì lẹ́yìn ìsìnkú. Ikú ti gba àṣẹ náà. Ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn tó ń bójú tó ogún. Ìwé kan ṣoṣo ló sábà máa ń yè é: èyí tí wọ́n fún ẹni tó yáni lówó láti fi dáàbò bo owó rẹ̀.

Oríṣi rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan wà fún gbogbo nǹkan, òmíràn fún ohun kan péré, bíi títa ilé kan. Èyí tó ń dúró de àìsàn kó tó jí dáa létí, àmọ́ ta ló máa sọ pé àìsàn ti dé? Báńkì á ní kí wọ́n mú lẹ́tà dókítà wá, lẹ́tà á pẹ́, owó iná á sì ti gorí ara wọn. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2011, òfin ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba irú rẹ̀ tuntun mọ́. Èyí tó gbọ́n jù ni ìwé àlòpẹ́, tí àìlera ọpọlọ ò lè pa.

Fífọwọ́ sí i ló wá dùn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 1971 ní kí ìwé lásán jẹ́ díìdì: ẹni tó ni ín á fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí á fọwọ́ tirẹ̀ sí i. Kì í ṣe kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí lánàá wá bá a o. Ó gbọ́dọ̀ rí bírò bó ṣe ń rìn lórí pépà.

Ti ìwé àlòpẹ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀kan fún owó àti dúkìá, ọ̀kan fún ìlera. Ẹni tó ni ìwé ló ń fọwọ́ sí apá 9 nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí tó ti pé ọmọ ọdún 18, tí kì í ṣe aṣojú. Apá 10 kan oníwèé ẹ̀rí: ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa fún ọdún 2 ó kéré tán, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọn, bíi dókítà tàbí lọ́yà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí. Òun ló ń jẹ́rìí pé ohun tí ẹni náà ń ṣe yé e, pé ẹnikẹ́ni ò tàn án, wọn ò sì fipá mú un. Ó dáa kí àwọn méjèèjì jókòó láwọn nìkan, kí ọmọ tó máa di aṣojú bọ́ síta ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni aṣojú ń fọwọ́ sí apá 11, níwájú ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ẹni tó ni ìwé ò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún aṣojú, àmọ́ aṣojú kan lè ṣe é fún èkejì.

Ẹ wò ó: apá 9 ń sọ ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, apá 10 ń sọ ọjọ́ 6, apá 11 ń sọ ọjọ́ 4. Ìwé náà bàjẹ́, bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Aṣojú ti na ọwọ́ gba ọ̀pá kí ẹnikẹ́ni tó wádìí bóyá ẹni tó ń gbé e fún un mọ ohun tó ń ṣe. Ó lè dà bí ìnira lásán, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nótárì, ẹni tí òfin yàn láti jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí, ni wọ́n gbójú lé. New York tún fi ẹlẹ́rìí 2 kún un láti ọdún 2021. Nótárì á mọ̀ pé ìwọ ni ìwọ. Bóyá ohun tó wà nínú ìwé yé ọ, ìyẹn kọ́ ló pe ara rẹ̀ wá ṣe. Àléébù ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé oníwèé ẹ̀rí ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí aṣojú fi owó ṣe lẹ́yìn ọdún 5 kò sí lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ìwé àlòpẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gba ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán nítorí àwọn tó bá fẹ́ tako ó, ìwé á gba òǹtẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún kù tí wọ́n sábà máa ń mú láìronú: tí aṣojú bá jẹ́ méjì, ṣé wọ́n lè dá nǹkan ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àbí àfi kí wọ́n jọ ṣe é? Tó bá jẹ́ àfi kí wọ́n jọ ṣe é, tí ọ̀kan sì kú, àṣẹ èkejì náà parí lọ́jọ́ yẹn, àyàfi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ arọ́pò sínú ìwé.