Bí a ṣe ń fi ìwọ̀n sí ẹ̀dà dátà tó ń lọ láti Ìlọrin sí Ọ̀fà

Ká ní sáfà iléeṣẹ́ kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì wọn, wà ní Ìlọrin, tí ẹ̀ka rẹ̀ ní Ọ̀fà sì ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo fáìlì. Bí ẹ̀dà yẹn bá ń lọ láìní ìwọ̀n, gbogbo upload, ìyẹn ọ̀nà tí dátà ń gbà jáde, ló máa gbé mì. Kódà ẹni tó kàn fẹ́ ka ìròyìn á máa wojú fóònù ni, torí ìbéèrè tirẹ̀ náà ní láti tò sẹ́yìn dátà yẹn kó tó lè jáde.

Upload ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kì í ṣe download. Bó bá jẹ́ 10 Mbps (mílíọ̀nù bit mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 1.25 MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí bit 8 ló wà nínú byte kan. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. rsync ni ètò tó ń da fáìlì kọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, --bwlimit sì ni àṣẹ tó fi ń gba ìwọ̀n. Kilobyte ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ń kà á, kì í ṣe kilobit. Ẹni tó kọ 8000 sí i, tó rò pé 8 Mbps lòun fún un, nǹkan bí 65 Mbps ló fún un, èyí tó ju gbogbo ìlà náà lọ. Ìwọ̀n ọ̀hún kò wúlò rárá nìyẹn. 1000 ló yẹ kó kọ.

Lọ́sàn-án, láti aago 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́, 250 tó fún --bwlimit. Wákàtí 9 yẹn á gbé bíi 8 GB. Tó bá di alẹ́, ẹ gbé e sí 1000. Wákàtí 15 á gbé bíi 55 GB. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ fún wákàtí 8 lóru, bíi 29 GB ti wọgbó nìyẹn, nítorí náà ẹ má ṣe ìṣirò yín bí ẹni pé iná kì í lọ. Ẹ fi --partial sí i kí fáìlì ńlá má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

rsync kì í yí ìwọ̀n padà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 alẹ́ á gbé 1000 rẹ̀ wọ àárọ̀, àfi bí ẹ bá fi --stop-after=570 (ìṣẹ́jú 570) dá a dúró ní aago 7:30 àárọ̀, kí cron, ètò tó ń tan iṣẹ́ ní àsìkò tí a yàn, tó tan ti ọ̀sán. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀: mẹ́rin tó ń gba 250 lẹ́ẹ̀kan náà ti di 1000. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, orí ráútà ló dáa kí ìwọ̀n wà.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ńkọ́? 2 TB lórí 1 MB ní ìṣẹ́jú àáyá á gba bí ọjọ́ 23. Ẹ kó o sórí dísìkì, kí ẹ fi mọ́tò gbé e gba Àjàṣẹ́-Ìpo. Á dé Ọ̀fà lọ́jọ́ kan náà.

Lórí ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì tó lè fi àyípadà nìkan ránṣẹ́, ìwọ̀n tó kéré jù léwu lọ́nà mìíràn. Bí àyípadà ojoojúmọ́ bá ju ohun tó ń kọjá lọ, Ọ̀fà á máa jìnnà sẹ́yìn. Bí ètò ìpalẹ̀mọ́ bá wá pa snapshot (àwòrán bí dátà ṣe rí ní àsìkò kan) tó kẹ́yìn tí ìhà méjèèjì jọ ní, kò sí ibi tí a ti lè máa bá a lọ mọ́: odindi 2 TB náà ló máa tún rìn.