Bí Windows, Mac àti Linux ṣe ń pín fáìlì nínú ilé kan

Ki fláàṣì tí wọ́n fi Linux ṣètò bọ ara Windows, kíá ló máa béèrè bóyá kí òun fọ̀ ọ́ nù. Kò dá ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ ni. Kálukú ló ní bó ṣe ń to ẹrù sórí díìsìkì: NTFS ni ti Windows, APFS ni ti Mac, ext4 ló wọ́pọ̀ lórí Linux. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lórí Wi-Fi kan náà, fáìlì á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín wọn.

Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń fọwọ́ kan díìsìkì ẹlòmíì. Àlejò kì í wọ ilé ìdáná lọ ṣí ìkòkò. Á sọ ohun tó fẹ́, onílé á bù ú wá. Kọ̀ǹpútà tó ni fáìlì ló ń ka díìsìkì rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń fi ohun tó kà ránṣẹ́. Èdè ìbéèrè nìkan ló gbọ́dọ̀ bára mu, SMB sì ni èdè náà.

IBM ló dá a sílẹ̀ ní 1983, Microsoft wá sọ ọ́ di ti Windows. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Canberra ní Australia, ń ṣọ́ ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà ń bára wọn sọ lórí wáyà títí ó fi lè kọ ètò tó ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó ń wá orúkọ, ó yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò fún ọ̀rọ̀ tó ní S, M àti B. Bí Samba ṣe gba orúkọ nìyẹn, òun náà ni Linux ń lò títí dòní. Láti 2013 ni Apple náà ti fi SMB ṣáájú èdè tirẹ̀.

Lórí Windows, fódà tí a fẹ́ pín là ń lọ sí Properties rẹ̀, lẹ́yìn náà Sharing. Lórí Mac, nínú Finder tí a fi ń wo fódà, Command àti K máa ń ṣí àpótí kan, a ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà tó ni fáìlì sínú rẹ̀, bíi smb://192.168.1.20. Pípín fáìlì báyìí kò jẹ dátà rárá. Bí dátà orí ráútà tilẹ̀ tán, fáìlì á ṣì kọjá.

Ìdí pásíwọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń há sí. PIN tí a fi ń ṣí Windows kò ríran kọjá kọ̀ǹpútà yẹn. Pásíwọ́ọ̀dù gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń béèrè. Samba pẹ̀lú ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí èyí tí a fi ń wọ Linux, àṣẹ smbpasswd la sì fi ń yàn án. Bí Windows bá ka Wi-Fi ilé sí Public (ti ìta gbangba) dípò Private (ti ilé), á kàn fara pamọ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà tó kù ni.

Èyí tó kan àwa tó ń fi àmì ohùn sọ fáìlì lórúkọ nìyí. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ “ọ̀” bí ọ tí a fi àmì ohùn lé lórí, òmíràn bí ò tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mac gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n lórí díìsìkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n lójú Windows àti Linux. Nítorí náà, “Ọ̀rọ̀.docx” méjì lè jókòó nínú fódà kan ṣoṣo, kí a máa ṣàtúnṣe sí ọ̀kan, kí a máa ṣí èkejì.