Edgar Allan Poe Kọ́ Ló Pa Bàbá Arúgbó Yẹn

Bí ọ̀rọ̀ ìtàn kúkúrú tó ń dẹ́rù bani bá ti délẹ̀, ẹnìkan á sọ ọ́ dandan: "Ẹni tó bá lè kọ irú èyí, àfi kó ti ṣe é rí, tàbí kí orí ẹ̀ ti dàrú." Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ayé láti 1809 sí 1849, ni wọ́n máa ń nàka sí jù. Wọ́n á ní wèrè ni. Wọ́n á ní ọ́píọ́mù, oògùn olóró kan, ló ń mu kó tó kọ̀wé. Wọ́n á ní ìwà ìkà inú ẹ̀ ló dà sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, torí pé kì í jẹ́ kí òǹkàwé rí iṣẹ́ tó wà nínú ìtàn, ó sì ń ba òkú lórúkọ jẹ́.

Ẹ gbé "The Tell-Tale Heart" wò, ìtàn tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1843 nínú ìwé ìròyìn The Pioneer ní Boston. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò dárúkọ ara ẹ̀. Òun àti bàbá arúgbó kan ni wọ́n jọ ń gbé. Ó ní òun fẹ́ràn bàbá yìí, bàbá ò ṣẹ òun, owó ẹ̀ ò sì wọ òun lójú. Ojú bàbá kan báyìí, tó dà bí ojú igún, tí nǹkan fẹ́lẹ́ bò, ni kò jẹ́ kó gbádùn. Òru méje ló fi ń yọ́ ṣílẹ̀kùn yàrá bàbá láàárín òru. Kí orí ẹ̀ nìkan tó wọlé tán, ó ń gbà á ní wákàtí kan. Á wá ṣí àtùpà ọwọ́ ẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tíńrín kan ṣoṣo bọ́ sórí ojú yẹn, ṣùgbọ́n ojú náà ń wà ní pípadé. Ní òru kẹjọ, àtàǹpàkò ẹ̀ yọ̀ lára irin àtùpà, bàbá ta jí, ó pariwo pé, "Ta nìyẹn?" Fún odindi wákàtí kan, kò sí èyí tó mira nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn tó pa bàbá, ó yọ pákó ilẹ̀ mẹ́ta, ó kó òkú sábẹ́ ẹ̀, ó sì gbé àga tiẹ̀ lé orí ibẹ̀ gan-an nígbà tí ọlọ́pàá mẹ́ta dé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni apànìyàn yìí ti ń jà fitafita láti fi hàn wá pé òun kì í ṣe wèrè, gbogbo ẹ̀rí tó sì ń mú wá ló ń sọ ọ́ di wèrè sí i lójú wa. Ẹni tí orí ẹ̀ dàrú kò lè ṣètò irú ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó dúró sẹ́yìn asọ̀tàn, tó mọ ohun tí asọ̀tàn fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Ọdẹ tó ń sun ìjálá ẹkùn kò di ẹkùn. Poe tiẹ̀ ti la ọ̀nà iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ kí ìtàn yìí tó jáde. Nínú Graham's Magazine, oṣù Karùn-ún ọdún 1842, níbi tó ti ń yẹ ìtàn Nathaniel Hawthorne, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà míì, wò, ó ní kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ pinnu ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́kàn òǹkàwé, kó tó wá ìṣẹ̀lẹ̀ tó máa gbé e débẹ̀, kó má sì kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò lọ síbẹ̀. Ní ti ìpànìyàn inú ìtàn náà, ó jọ pé inú ìròyìn ilé ẹjọ́ ló ti rí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1830, wọ́n pa bàbá ẹni ọdún 82 kan, Joseph White, lórí ibùsùn ẹ̀ ní Salem. Daniel Webster, agbẹjọ́rò tó rojọ́ ta ko àwọn afurasí, ṣàpèjúwe bí apànìyàn ṣe yọ́ wọlé, àti bí àṣírí ṣe máa ń há ẹni tó pa á mọ́ra títí á fi jẹ́wọ́. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, ó sì tàn kálẹ̀.

Gbogbo ìyẹn kì í pẹ́ yé èèyàn. Ibi tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rinlẹ̀ sí ni: "Àwọn tó mọ̀ ọ́n lójúkojú ló sọ pé èèyàn burúkú ni." Ó dáa, àwọn wo?

Ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 1849 ni Poe kú ní Baltimore. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìwé ìròyìn New York Tribune gbé ìròyìn ikú ẹ̀ jáde, ó ní ọ̀pọ̀ ni ẹnu máa yà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló máa dùn. "Ludwig" ni ẹni tó kọ ọ́ pe ara ẹ̀. Rufus Griswold, olóòtú kan, ni. Poe ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé àkójọ ewì tí Griswold ṣe, Griswold yìí kan náà ló sì gba ipò olóòtú lọ́wọ́ Poe ní Graham's lọ́dún 1842. Láàárín wọn ò gún. Síbẹ̀, Maria Clemm, ìyá ìyàwó Poe, fún un láṣẹ láti ṣàkójọ iṣẹ́ olóògbé. Bí àwọn ìwé òkú ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ẹ̀ nìyẹn. Ní 1850, Griswold tẹ ìtàn ìgbésí ayé Poe pọ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ náà, tó fi jẹ́ pé inú ìwé Poe gan-an ni wọ́n ti ń ka èébú Poe.

Griswold ní wọ́n lé e ní Yunifásítì Virginia. Wọn ò lé e. Ọdún 1826 nìkan ló lò níbẹ̀, ó ta tẹ́tẹ́ jẹ gbèsè, John Allan tó tọ́ ọ dàgbà kọ̀, kò san án. Griswold ní ó sá kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Àkọsílẹ̀ ológun wà: ó wọṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1827 pẹ̀lú orúkọ Edgar A. Perry, ó dé ipò sergeant major ní ọjọ́ kìíní ọdún 1829, ó fi ẹlòmíì rọ́pò ara ẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ bó ṣe tọ́ ní oṣù Kẹrin. West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti yọ ọ́ lóòótọ́, ní 1831, torí pé ó pa iṣẹ́ ẹ̀ tì. Nígbà tí Arthur Hobson Quinn, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Poe, gbé àwọn lẹ́tà Poe tí Griswold tẹ̀ síta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó wọn nínú ìwé tó ṣe ní 1941, ó hàn pé Griswold ti ki ọ̀rọ̀ bọ̀ wọ́n lẹ́nu, títí kan ìyìn fún Griswold fúnra ẹ̀.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti àpèjúwe ìwà ẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n ń tún kọ káàkiri, pé èèyàn ò lè ta ko Poe kí inú ẹ̀ má ru, pé bí wọ́n bá dárúkọ ọrọ̀, ìlara á mú ojú ẹ̀ ṣì, kì í ṣe Poe ni wọ́n kọ ọ́ fún. Francis Vivian ni, ẹ̀dá inú ìtàn kan nínú The Caxtons tí Bulwer-Lytton, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ. Nínú Tribune, Griswold ní Poe jọ Vivian, ó sì fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó gbé e wọ inú ìwé, ó yọ àmì àyọlò kúrò. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò sí láyé rí wá di ẹ̀rí lórí ẹni tó gbé ayé.

Ti ọ́píọ́mù ńkọ́? Dókítà Thomas Dunn English mọ Poe dáadáa. Wọ́n bára wọn jà, Poe sì gbé ìwé ìròyìn tó tẹ ọ̀rọ̀ tí English sọ sí i jáde lọ sílé ẹjọ́. Ní 1896, lẹ́yìn tí Poe ti kú tipẹ́, ọ̀tá yìí ní gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn, bí Poe bá ní àṣà ọ́píọ́mù, òun ì bá ti rí àmì ẹ̀. Òun ò rí i, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn.

Mi ò sọ pé Poe ò lẹ́bi. Ó mutí, ọtí ò sì bá a lára mu. Ó fẹ̀sùn kan akéwì Longfellow láì nídìí pé ó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. A ò sì lè sọ pé nǹkan kan ò ti inú ayé ẹ̀ wọ ìtàn ẹ̀: ìyá ẹ̀ kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyàwó ẹ̀ Virginia sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ní oṣù Kìíní ọdún 1842, ikọ́ ẹ̀gbẹ yìí sì pa á ní 1847. Ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù ikú inú ìtàn ẹ̀ jẹ́ tiẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di apànìyàn.

Ẹ̀yin tó ń ka Poe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀yin olùkọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ ilé ìwé, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà wò dáadáa. Àtúntẹ̀ ìwé àtijọ́ pọ̀ níta, àwọn míì ò sì kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilé ìwé gíga àti iṣẹ́ ológun ẹ̀. Bí wọ́n bá ní wọ́n lé e ní Virginia, tàbí pé ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ọ̀dọ̀ Griswold ni wọ́n ti kó o, ẹ má sì gba ìyókù tí wọ́n sọ nípa ìwà ẹ̀ gbọ́ láì wádìí.