Rìímù 17 àbí 20: èwo ni ọ̀nà Àkúrẹ́ gbà?

Láti ọjọ́ Àìkú ni àwòrán kan ti ń ti orí fóònù bọ́ sí orí fóònù ní Àkúrẹ́. Toyota 86 pupa kan ni, onílẹ̀kùn méjì, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà Adó, rìímù 20 iwájú rẹ̀ ti là, táyà sì ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Ẹnì kan ka ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pé kí a má gbé rìímù ńlá mọ́, ikú ni. Ẹlòmíràn fèsì pé irọ́ ni, pé táyà burúkú ló fà á. Àwọn ènìyàn wá ń bi mí, torí irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni mò ń gbé láti Ìjàpọ̀ lọ sí Alágbàáka lójoojúmọ́. Èsì mi rèé.

Kí ló la rìímù yẹn gan-an?

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá fọkanáísà wa. Bàbá po omi ọṣẹ, ó fi kàn-ìnkàn pa á yíká etí rìímù láti inú. Ibi tó là kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àmọ́ omi ọṣẹ ń hó níbẹ̀ láìdábọ̀. Táyà náà kò burú, tuntun ni. 225/30R20 ni wọ́n kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé rọ́bà tó wà láàárín rìímù àti ọ̀dà kò tó sẹ̀ǹtímítà 7. Nígbà tó já sí kòtò, rọ́bà tẹ́ pẹrẹsẹ, rìímù fúnra rẹ̀ ló gba etí ọ̀dà. Nítorí náà, ẹni àkọ́kọ́ rí apá kan òótọ́: bí rìímù bá ṣe ń tóbi sí i ni rọ́bà gbọ́dọ̀ máa kúrú sí i kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà ga jù.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọ̀pọ̀ Toyota 86 bá wá láti ilé iṣẹ́: 215/45R17 87W. 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 45 ni gíga rọ́bà ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ìdá 45 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, tó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 9.7. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. 17 ni rìímù, ní íǹṣì. 87 ni ẹrù tí táyà kan lè rù, kílò 545. W ni eré tó lè gbà, kìlómítà 270 láàárín wákàtí kan.

Ṣé rìímù ńlá ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré sí i?

Rárá. Ó sábà máa ń wúwo jù, ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì ló sì ń fara gbá a. Ohun tí rọ́bà kúkúrú ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ọkọ̀ mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà.

Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa ṣírò rẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ sọ íǹṣì rìímù di sẹ̀ǹtímítà (ẹ fi 2.54 sọ ọ́ di púpọ̀), kí ẹ wá fi gíga rọ́bà kún un lẹ́ẹ̀mejì, torí rọ́bà wà lókè, ó sì wà nísàlẹ̀. Ti 215/45R17 jẹ́ bíi 62.5. Gíga táyà tuntun kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 3 nínú 100 yàtọ̀ sí ti àtijọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mítà yóò máa purọ́, táyà sì lè máa ha abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ wá wo nǹkan kan. 225/30R20 ọkùnrin tó ni ọkọ̀ pupa yẹn jẹ́ bíi 64.3. Kò kọjá ìdá 3! Ẹni tó tà á fún un ṣe ìṣirò náà níṣojú rẹ̀, ó sì bá a mu. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa wo gíga rọ́bà lọ́tọ̀. 215/40R18 ní 8.6. 215/45R17 ní 9.7. 205/55R16 ní 11.3, gíga rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 63.2. Fún ẹni tó ń rìn láàárín Ọba Adésidà àti Oyèmẹ́kùn nìkan, 18 ṣeé fara dà. Fún ẹni tó ń lọ Adó tàbí Oǹdó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 17 ni kó mọ. Èmi fúnra mi ti sọ̀ kalẹ̀ sí 16, torí Toyota fi 16 sí àwọn kan nínú ọkọ̀ yìí ní Japan, táyà rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa torí Corolla. Àmọ́ bíréèkì àwọn ti Japan yẹn kéré. Ẹ gbé rìímù kan ṣoṣo wọ ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ fọwọ́ yí i, kí ẹ rí i pé kò kan bíréèkì kí ẹ tó sanwó mẹ́rin.

Rìímù Camry ńkọ́?

Kò lè wọ̀ ọ́. Ihò márùn-ún ni àwọn méjèèjì ní, àmọ́ òbírí tí àwọn ihò náà tò yí ká lára 86 fẹ̀ tó mìlímítà 100, ti Camry jẹ́ 114.3. Ẹni tó bá ní òun á lu ihò mìíràn sí i, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ṣé táyà tó fẹ̀ kò dára jù lásìkò òjò?

Òdì kejì ni. Táyà tó fẹ̀ máa ń tètè léfòó lórí omi tó bá dúró sójú ọ̀nà, torí ìwúwo ọkọ̀ ti pín káàkiri. Láti oṣù Kẹrin títí dé Kẹwàá, jíjìn àwọn ìlà ojú táyà ló ń gbà yín. Tó bá ti ku mìlímítà 3, èmi kì í dúró mọ́.

Ṣé mo lè ra táyà tòkunbọ̀?

Mi ò ní fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n kọ tẹ̀lé DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2423 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 24 ọdún 2023. Ọdún 4 láti ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí a lo táyà mọ. Tuntun tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà ń gbó, nítorí náà ẹ wò ó pẹ̀lú.

Afẹ́fẹ́ mélòó?

Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti 86 jẹ́ PSI 35. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná, kí ẹ sì dúró ti fọkanáísà, torí púpọ̀ nínú wọn á fún un ní 40 láì bi yín. Afẹ́fẹ́ tó kéré jù ló tún burú jù, torí kòtò á tètè dé ara rìímù.

Mo ti ra 20, owó sì ti tán. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ta rìímù tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ máa rọra wọ kòtò, kí ẹ sì máa wo etí inú rìímù lóṣooṣù, ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ là. Èyí tó bá ti là, tí wọ́n jó pọ̀, ẹ má fi sáré lọ́nà Iléṣà.

Táyà mi wú kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ó lè gbé mi dé Oǹdó?

Kò lè gbé yín débẹ̀. Okùn inú rẹ̀ ti já, rọ́bà nìkan ló kù tó ń di afẹ́fẹ́ mú. Ẹ wọ sípíà níbi tí ẹ dúró sí. Tí kò bá sí, ẹ pe fọkanáísà kó wá bá yín níbẹ̀.