Ìfófó funfun lórí ewé, légbélégbé nínú ike: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òjò ti dé, àwòrán ìfófó funfun kan tó so mọ́ ewé lókè ọ̀gọ̀dọ̀ sì ń káàkiri lórí WhatsApp. Àwọn kan ní itọ́ ejò ni, àwọn mìíràn ní oògùn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti bu légbélégbé wálé náà ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe.

Ṣé itọ́ ejò ni?
Rárá.

Kí ni, nígbà náà?
Ìtẹ́ àkèré orí igi ni. Èyí tó ń ṣe é nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan tiwa, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Chiromantis rufescens. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, á gun ewé tó nà sórí omi, oje á jáde lára rẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pò ó bí ẹni ń po ẹyin adìẹ tó fẹ́ dín, títí yóò fi hó. Àárín ìfófó yẹn ni ẹyin wà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìfófó á yọ́, légbélégbé á sì máa já bọ́ sínú omi ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ewé yẹn. Bí kò bá sí omi lábẹ́ rẹ̀, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn ọmọ náà yóò já sí.

Ṣé mo lè tọ́ légbélégbé nílé?
Bẹ́ẹ̀ ni, bí wọn kò bá pọ̀. Márùn-ún tó fún abọ́ ńlá kan. Omi ibi tí ẹ ti bù wọ́n ló dára jù. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, klorínì inú rẹ̀ lè pa wọ́n. Ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú abọ́ fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó. Ẹ gbé abọ́ náà síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní sè é.

Kí ni wọ́n ń jẹ?
Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó àjẹkù kúrò kó tó rà.

Ìgbà wo ló léwu jù?
Ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá yọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ jáde, ọkàn yín á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá ti dé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń fi mí, ìrù rẹ̀ ń wọlé sára, kò sì ní jẹun títí ìrù yóò fi tán. Bí kò bá rí ibi gùn, omi á gbé e. Mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí: ike mi dán, mi ò fi òkúta kankan sínú rẹ̀. Láàárọ̀ ni mo bá wọn lójú omi, ìrù wọn kò ju orí ìka lọ. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ da igi tàbí òkúta tó yọ sókè sínú abọ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Ẹ̀fọn ńkọ́?
Légbélégbé kì í ṣe tanwíji, ṣùgbọ́n omi tó gba ọ̀kan gba èkejì. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo abọ́ náà. Òun náà ni kò ní jẹ́ kí ọmọ àkèré gun ògiri lọ.

Ibo ni kí n tú wọn sí?
Ibi tí ẹ ti bù wọ́n gan-an. Àrùn awọ kan tí à ń pè ní chytrid ń bá omi àti àkèré rìn. Ìwádìí ọdún 2019 fi hàn pé ó ti mú kí ẹ̀yà 501 nínú àkèré àti àwọn ìbátan rẹ̀ dín kù káàkiri ayé, wọ́n sì gbà pé 90 nínú àwọn ẹ̀yà náà ti parẹ́.

Florida, ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé.
Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Àkèré orí igi ti Kúbà ń jẹ àwọn ti ibẹ̀ run, òfin kò sì gbà kí ẹ tú u sílẹ̀.

Ṣé àwọn ọmọdé lè fọwọ́ kan àkèré tàbí légbélégbé?
Kí wọ́n fi omi rin ọwọ́ wọn kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó lè ní kòkòrò Salmonella lára.