Ọjọ́ Mẹ́wàá Tó Lè Ju Mẹ́wàá Lọ: Bí Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì Ṣe Lè Tako Àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù

Ó ṣòro kí ènìyàn rí ìlú kan ní gúúsù Kwara, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, tí kò ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tirẹ̀. Ẹni tó dàgbà sínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìbò ni wọ́n fi ń yan alága, pé akápò gbọ́dọ̀ ṣírò owó lójú gbogbo ènìyàn, àti pé ohun tí ọ̀pọ̀ bá fọwọ́ sí ni yóò ṣẹ. Ìwà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ń gbé wọ inú ìgbìmọ̀ páríìṣì, ìyẹn ìjọ àdúgbò tí Fádà ń bójú tó, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Abala 536 nínú Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983 sọ ọ́ kedere pé ìmọ̀ràn nìkan ni ìgbìmọ̀ yìí lè fún Fádà, ẹni tó jẹ́ alága rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá nawọ́ sókè, tí Fádà kò sì gbà, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbọ́ èyí, ọ̀pọ̀ a bọ́ sínú àṣìṣe kejì, tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: wọ́n á ní kò sí ohun tí ọmọ ìjọ lè ṣe ju kó dákẹ́ kó sì máa gbàdúrà. Òfin kan náà ni ó sọ ní abala 212 pé ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ fún àwọn olórí, àti pé nígbà mìíràn ojúṣe rẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ìṣúná jẹ́ dandan ní gbogbo páríìṣì. Owó tí wọ́n dá fún òrùlé, òrùlé náà ni ó gbọ́dọ̀ lọ sí, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀.

Ohun tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò ni ọ̀nà tí a ń gbà tako àṣẹ. Ká ní wọ́n ka ìwé bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú kan, pé wọ́n ti da páríìṣì méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tí àṣẹ náà dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé padà sí bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kó ní kó yí i padà tàbí kó tún un ṣe. Ẹni tó bá fò ó kọjá sí Róòmù, ìyẹn Vatican, olú ibùjókòó Ìjọ, ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́. (Bó bá jẹ́ pé Fádà ló pàṣẹ, ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́.) Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni òfin fún un láti kọ ìwé náà.

Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ wo? Abala 201 mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó ń sáré lọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni àti ọjọ́ tí a kì í kà mọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́, tàbí tí kò lágbára láti lò ó. Irú kejì ni mẹ́wàá yìí. Ẹni tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ní Ìgbómìnà yóò tètè lóye rẹ̀. Bí ìyá kan bá ra iṣu láwìn, tó ní òun yóò san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọjà mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò ka ọjọ́ tí ọjà kò ná mọ́ ọn. Bí wọ́n bá sì kéde pé kí ọjà má ná nítorí pé ọba wàjà, ọjọ́ yẹn kò wọ inú gbèsè rẹ̀, oníṣu náà kò sì ní yọjú sílé rẹ̀ wá pariwo. Àmọ́ ibì kan wà tí àfiwé yìí ti já. Gbogbo ayé ló mọ ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tí wọ́n ka ìwé bíṣọ́ọ̀bù ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun kò gbọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù kò bá fèsì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀nà Róòmù ṣí, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irú kan náà, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé olórí kò lè fi àìfèsì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí àṣà ìpàdé ìlú ti tún ń ṣe àkóbá ni orí ìwé náà. Wọ́n á tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sókè, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sísàlẹ̀, akọ̀wé yóò sì buwọ́ lù ú lórúkọ gbogbo ènìyàn. Ní 1987, Vatican túmọ̀ òfin náà pé àkójọpọ̀ ọmọ ìjọ tí òfin Ìjọ kò kà sí ẹgbẹ́ kò lè fi orúkọ ẹgbẹ́ tako àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe bẹ́ẹ̀, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti pa òun fúnra rẹ̀ lára.

Iye ènìyàn tó buwọ́ lùwé kọ́ ni Róòmù sì máa ń wò ní pàtàkì. Ó ń béèrè bóyá àṣẹ náà tẹ̀lé òfin. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè da páríìṣì pọ̀, ṣùgbọ́n abala 515 sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà kó tó ṣe é. Ní 2012, Róòmù yí pípa tí bíṣọ́ọ̀bù Cleveland ní Amẹ́ríkà pa páríìṣì mẹ́tàlá dé padà, nítorí pé kò tẹ̀lé ìlànà òfin. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni fi hàn pé bíṣọ́ọ̀bù kórìíra wọn.

Àbùkù ètò yìí ni pé kò sẹ́ni tó ń kà á síta. Wọ́n á ka àṣẹ náà lẹ́yìn Máàsì, wọ́n á ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tẹ̀ lé e, wọn kò sì ní sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí yóò fi kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ka ìwé náà, kó tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.